Kí Ẹ Tó Fáìlì Bankruptcy ní Amẹ́ríkà: Ohun Tó Yẹ Kí N Ti Mọ̀

Bankruptcy ni ètò òfin tí ẹni tí gbèsè ti kọjá agbára rẹ̀ fi ń tọrọ ìdáǹdè lọ́dọ̀ kóòtù. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni mo fáìlì Chapter 7, ẹ̀yà rẹ̀ tó ń pa gbèsè rẹ́, ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ bankruptcy ní Greenbelt, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Gbèsè ọrùn mi jẹ́ $43,500. Àwọn àgbàlagbà ni mò ń tọ́jú nínú ilé wọn, ilé tí mo rẹ́ǹtì lèmi àti ọmọ mi obìnrin ń gbé, ọkọ̀ kan tí mo ti san owó rẹ̀ tán ni mo sì ń gùn. Láti ìgbà tí gbèsè ti wọ̀ mí lọ́rùn títí di ọjọ́ tí mo fọwọ́ síwèé, ó lé ní ọdún méjì. Ohun tó dùn mí jù ni pé àárín ọdún méjì yẹn gan-an ni mo ti ṣe ara mi léṣe jù. Gbèsè kọ́ ló ṣe é, ìtìjú ni. Torí kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́, mo ń san èyí tó yẹ kó dúró, mo ń fi èyí tó ṣe kókó sílẹ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó owó tí òfin ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn lé àwọn tó ń sin mí ní gbèsè lọ́wọ́.

Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ohun tí mo là kọjá ni mò ń sọ, pẹ̀lú ohun tí òfin ìjọba àpapọ̀ wí. Ibi tó bá jẹ́ ti Maryland nìkan, màá dárúkọ Maryland.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni mo yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sì dá. Oṣù márùn-ún ni mo fi jókòó sílé. Níbi iṣẹ́ mi, ẹni tí kò bá wá kò gbowó. Káàdì ni mo fi ra oúnjẹ, káàdì ni mo fi san owó iná, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì fi káàdì san owó ilé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yá mi ní $2,800. Àbúrò mi ọkùnrin ṣe onígbọ̀wọ́ fún mi níbi tí mo ti lọ yáwó. Nígbà tí mo fi máa padà sẹ́nu iṣẹ́, mò ń fi káàdì kan san owó káàdì kejì, mo sì ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò

Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni mo tó jókòó ti ìwé àti bírò. Wákàtí méjì ni mo fi ṣe é, omijé ni mo sì fi parí rẹ̀, àmọ́ òun ló là mí lójú. Ẹ kọ owó tó ń wọlé lóṣù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí. Ẹ yọ owó ilé, oúnjẹ, iná, epo ọkọ̀, ìbánigbófò, oògùn, àti owó ilé ìwé ọmọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ má tíì yọ gbèsè kankan. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni agbára yín. Tèmi jẹ́ $420.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo gbèsè tí kò ní ohun ìdúró jọ, ìyẹn àwọn tí kì í ṣe ti ilé tàbí ti ọkọ̀ tí wọ́n lè wá gbà. Tèmi rèé: káàdì márùn-ún, $27,400, ilé ìwòsàn, $9,800, owó tí àbúrò mi ṣe onígbọ̀wọ́ fún, $6,300. Ẹ fi 60 pín àpapọ̀ rẹ̀, torí oṣù 60 ni ọdún márùn-ún. $43,500 tí a bá fi 60 pín jẹ́ $725, láìtíì fi èlé kún un. Èmi tí mo ní $420 lóṣù! Èlé káàdì mi tó ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ìyẹn bí $590 lóṣù lórí káàdì nìkan. Kódà bí mo bá fi gbogbo agbára mi san án, gbèsè náà á ṣì máa ga sí i ni.

Tí iye tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín bá ju ohun tí ẹ rí nígbà tí ẹ fi 60 pín in lọ dáadáa, ẹ ṣì lè san án láìwọ kóòtù. Àwọn àjọ agbaninímọ̀ràn lórí gbèsè tí kì í ṣe torí èrè wà, wọ́n lè bá àwọn oníkáàdì sọ ọ́ kí wọ́n dín èlé kù, kí ẹ wá máa san iye kan lóṣù fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ó ti ṣiṣẹ́ fún àwọn tí mo mọ̀. Tí iye tó ṣẹ́ kù bá kéré sí i bíi tèmi, tí kò sì sí ìdí gidi tó fi máa pọ̀ sí i, ẹ má fi ìrètí ṣe ìṣirò.

Àwọn tí kò yẹ kó yára fáìlì

Ẹni tó jẹ́ pé owó Social Security (owó tí ìjọba àpapọ̀ ń san fún àgbàlagbà àti aláìlera) nìkan ló ń gbà, tí kò ní ilé, tí kò ní dúkìá, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tí oníkáàdì lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́tà kan tó sọ pé kí wọ́n yé pe òun lórí fóònù lè tó o. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ ti pẹ́ náà ní láti wo ọjọ́: ní Maryland, ọdún mẹ́ta ni òfin fún ẹni tó fẹ́ pejọ́ lórí gbèsè káàdì. Tí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì pè yín lẹ́jọ́, ẹ lọ sọ ọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ lọ o. Ẹni tí kò bá yọjú ni ilé ẹjọ́ ń dá lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀.

Owó ilé ìwòsàn tiẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé gbogbo ilé ìwòsàn tí kì í ṣe torí èrè gbọ́dọ̀ ní ètò ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí kò lè san, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gba fọ́ọ̀mù yín fún ọjọ́ 240, ó kéré tán, lẹ́yìn tí bíìlì àkọ́kọ́ bá ti jáde. Ní Maryland, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju ìlọ́po méjì ìlà òṣì tí ìjọba fà, ọ̀fẹ́ ló yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Èmi ò mọ̀. Àwọn ọjọ́ 240 yẹn kọjá lórí mi níbi tí mo ti ń ju lẹ́tà wọn sínú àpótí láìṣí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí lẹ́tà.

Ẹ tún wo irú gbèsè tí ẹ jẹ. Bankruptcy kì í pa owó ìtọ́jú ọmọ rẹ́, tàbí ti ìyàwó tàbí ọkọ tí ẹ ti kọ̀ sílẹ̀. Kì í pa owó ìtanràn ilé ẹjọ́ ọ̀daràn rẹ́. Kì í pa gbèsè tí ẹ fi irọ́ gbà rẹ́. Owó orí tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kì í sábà lọ. Èyí tó ti pẹ́, tí ẹ sì ti kọ ìwé rẹ̀ sí ìjọba lásìkò, lè lọ. Owó tí ẹ yá ka ìwé ní yunifásítì ò ní lọ fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ pe ẹjọ́ mìíràn nínú bankruptcy náà kí ẹ fi hàn pé yóò ni yín lára kọjá àfaradà. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba ti mú ọ̀nà yẹn rọrùn díẹ̀ fún owó tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Tó bá jẹ́ pé irú àwọn gbèsè yìí ló pọ̀ jù nínú tiyín, ẹ fẹ̀sọ̀ ṣe, torí ẹ lè fáìlì tán kí ẹrù ṣì wà lórí.

Ohun tí ìtìjú mú mi ṣe

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Mo pẹ́ san owó ilé torí pé oníkáàdì ló ń pariwo jù. Oníkáàdì kò lè lé yín jáde nínú ilé. Ẹ sanwó ilé, ẹ sanwó iná, ẹ jẹun, ẹ gbọ́ bùkátà ọmọ. Ẹni tó ń pariwo kọ́ ló kọ́kọ́ ń gbowó.

Mo wọ ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan tó ní òun á bá mi dín gbèsè kù sí ìlàjì. Wọ́n ní kí n má san káàdì mọ́, kí n máa fi $310 sínú àkáǹtì kan lóṣù. Oṣù méje ni mo fi sanwó, $2,170, wọn ò sì yanjú ẹyọ kan ṣoṣo. Èlé ń gorí èlé, ọ̀kan nínú àwọn oníkáàdì sì lọ gba lọ́yà. Ẹ mọ àwọn nǹkan mẹ́ta yìí. Láti ọdún 2010 ni ìlànà FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ní kí irú ilé iṣẹ́ tó ń fi fóònù wá oníbàárà bẹ́ẹ̀ má gba kọ́bọ̀ ṣáájú kí wọ́n tó yanjú gbèsè kan. Owó tó wà nínú àkáǹtì yẹn, tiyín ni. Nígbà tí mo bèèrè, gbogbo rẹ̀ ni mo gbà padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òun ni mo sì fi san lọ́yà. Ẹ̀kẹta, gbèsè tí wọ́n bá fi jì yín lọ́nà yẹn, owó tó wọlé ni IRS, àjọ tó ń gba owó orí, ń kà á sí, ẹ lè san owó orí lé e. Èyí tí bankruptcy bá pa rẹ́, kò ní owó orí.

Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ló tún kàn. Mo ní $8,600 nínú 401(k), ìyẹn àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì tí a ń dá níbi iṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń pè mí lórí fóònù bi mí bóyá mo ní "owó kan níbì kan" ní ibi iṣẹ́. Mo ti gba fọ́ọ̀mù, mo ti kọ orúkọ mi sí i. Ọmọ mi ló bèèrè pé, "Mọ́mì, tí ẹ bá kó èyí fún wọn, ṣé gbèsè náà máa tán?" Kò lè tán. Mo fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni lọ́yà sọ fún mi pé àwọn tí mo jẹ lówó kò lè fọwọ́ kan 401(k) nínú bankruptcy rárá, àti pé tí mo bá mú un jáde kí n tó pé ọmọ ọdún 59 àtààbọ̀, màá san owó orí, wọ́n á tún yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gẹ́gẹ́ bí ìtanràn. Nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ, tí ẹ bá gbàgbé gbogbo rẹ̀, ẹ má gbàgbé èyí: ẹ má ṣe fi owó ogbó yín san gbèsè káàdì tí ẹ ò lè san tán.

Ohun tó wá dá mi dúró jù lọ ni owó ẹ̀gbọ́n mi. Ní oṣù kejì ọdún 2023, owó orí mi padà wá, mo sì kó $2,800 fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ kan náà. Inú mi dùn. Mo ní ó kéré tán, mo ti san ti ẹbí. Nígbà tí mo délé lọ́yà ní oṣù kẹfà, ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ẹ ti san owó fún mọ̀lẹ́bí kankan láàárín ọdún kan sẹ́yìn?" Mo fi ìgbéraga dá a lóhùn. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òfin kò fẹ́ kí onígbèsè yan ẹni tó máa rí owó gbà nínú àwọn tó jẹ lówó. Tí ẹ bá san $600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún mọ̀lẹ́bí nínú ọdún kan ṣáájú kí ẹ tó fáìlì, alábòójútó tí wọ́n ń pè ní trustee lè lọ gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ padà kó pín in. Fún àwọn tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí, ọjọ́ 90 ni wọ́n ń wò sẹ́yìn. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi lójú inú, níbi tó ti ń gba lẹ́tà lọ́yà nítorí pé ó ṣàánú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró di oṣù kẹta ọdún 2024, títí ọdún kan fi kọjá.

Òfin náà wo ohun tí ẹ bá ti fún ènìyàn tàbí tí ẹ gbé sórúkọ ẹlòmíràn láàárín ọdún méjì, òfin ìpínlẹ̀ míì tún lọ sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má gbé ọkọ̀ sórúkọ àbúrò. Ẹ má kó owó sí àkáǹtì ọmọ. Ẹ má ra ohun olówó ńlá ní ọjọ́ 90 tó ṣáájú, ẹ má sì fi káàdì fa owó jáde ní ọjọ́ 70 tó ṣáájú; tó bá ti pọ̀ kọjá iye kan, òfin á gbà pé ẹ ti mọ̀ pé ẹ ò ní san.

Ilẹ̀ tó wà nílé náà ńkọ́? Mo ní ìdajì pulọ́ọ̀tì kan ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ló sì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n má dárúkọ rẹ̀, pé ta ló máa mọ̀. Òfin sọ pé dúkìá onígbèsè ni, níbikíbi tó bá wà. Fífi dúkìá pamọ́ nínú bankruptcy jẹ́ ọ̀ràn tó lè gbéni lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún, pẹ̀lú owó ìtanràn tó lè tó $250,000. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́yà wo iye tó lè mú wá, ó sì fi í sábẹ́ ohun tí òfin Maryland fi sílẹ̀ fún onígbèsè láti dì mú. Kò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àjọ o: tí ẹ bá ti kó àjọ tí ẹ ò tíì dá a parí, gbèsè ni, ẹ kọ ọ́, tí ó bá sì ku tiyín láti kó, dúkìá ni, ẹ kọ òun náà.

Chapter 7 tàbí Chapter 13

Chapter 7 ni kí wọ́n wo ohun tí ẹ ní, kí trustee ta èyí tí òfin ò dáàbò bò, tó bá wà, kí gbèsè tó ṣẹ́ kù sì parẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, kì í sí ohun tí wọ́n máa tà. Oṣù mẹ́rin ló sábà ń gbà. Kí ẹ tó lè ṣe é, wọ́n á wo owó tó wọlé fún yín ní oṣù mẹ́fà gbáko tó ṣáájú oṣù tí ẹ fẹ́ fáìlì, wọ́n á fi wé owó agbedeméjì fún ilé tó ní iye èèyàn bíi tiyín ní ìpínlẹ̀ yín. Tí ẹ bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ti kọjá. Tí ẹ bá ga jù ú lọ, ìṣirò kejì wà, kò tíì tán. Owó Social Security kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe óófà táìmù bíi tèmi, ẹ kíyè sí oṣù mẹ́fà yẹn, torí oṣù tí ẹ ṣe ìlọ́po iṣẹ́ lè gbé yín kọjá ìlà.

Chapter 13 ni ètò ìsanwó fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lábẹ́ kóòtù. Ẹni tó ni ilé, tó ti jẹ owó ilé sẹ́yìn, tí kò sì fẹ́ kí báǹkì gbà á, ibẹ̀ ló yẹ kó wò, torí ó lè fi ọdún wọ̀nyẹn san ohun tó jẹ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ó tún ń bo onígbọ̀wọ́ níwọ̀n ìgbà tí ètò náà bá ń lọ, èyí tí Chapter 7 kò ṣe. Àmọ́ ó gùn, àwọn tí kò rí i parí kò sì kéré. Ẹ má ṣe mú un torí pé ó dà bíi pé ó níyì ju Chapter 7 lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ gba ìwé tó kó àwọn tí ẹ jẹ lówó jọ lórí annualcreditreport.com, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òun nìkan, torí gbèsè ilé ìwòsàn àti ti ènìyàn kì í sábà sí níbẹ̀. Ẹ kó ìwé owó oṣù ọjọ́ 60 tó kẹ́yìn jọ, ìwé owó orí, ìwé àkáǹtì báǹkì, ìwé ọkọ̀, ìwé adéhùn ilé.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ kúkúrú kan lórí gbèsè, lọ́dọ̀ àjọ tí ọ́fíìsì U.S. Trustee, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ètò bankruptcy, fọwọ́ sí. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é láàárín ọjọ́ 180 ṣáájú kí ẹ tó fáìlì. Lórí fóònù ni mo ti ṣe tèmi lálẹ́ ọjọ́ kan. Tí ẹ ò bá ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kóòtù lè lé ẹjọ́ yín dànù, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe é fúnra rẹ̀ ti ń kọsẹ̀.

Lọ́yà mi gba $1,450. Owó kóòtù fún Chapter 7 jẹ́ $338, ti Chapter 13 jẹ́ $313. Ẹni tí kò lè san $338 lẹ́ẹ̀kan lè bẹ̀ pé kóun san án lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré gidi lè bẹ̀ kí wọ́n fi jì í. Fún ẹjọ́ Chapter 7 tó rọrùn, Upsolve, tí kì í ṣe torí èrè, ń ranni lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láti kọ fọ́ọ̀mù, àwọn lọ́yà ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ sì wà. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ní àwọn á bá yín tẹ fọ́ọ̀mù lówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n á tún máa gbà yín nímọ̀ràn. Òfin ò gbà wọ́n láyè láti gbani nímọ̀ràn. Tí ẹ bá ní ilé, tí ẹ ní òwò, tàbí tí ẹ ti san owó fún mọ̀lẹ́bí bíi tèmi, ẹ wá lọ́yà gidi. Tí ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti ìpínlẹ̀ míì tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ sọ fún un, torí òfin ìpínlẹ̀ tí ẹ ti kúrò ló lè ṣì máa bo dúkìá yín.

Nígbà tí mò ń dúró kí ọdún kan pé, ìwé ìpẹ̀jọ́ kan wọlé tọ̀ mí wá ní oṣù kẹsàn-án. Ní Maryland, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún yín láti kọ̀wé pé ẹ fẹ́ wá rojọ́. Mo kọ ọ́. Ìyẹn fún mi lóṣù díẹ̀. Ká ní mo dákẹ́ ni, wọ́n ì bá ti tètè gba àṣẹ, wọ́n á sì máa bu owó oṣù mi, èyí tó lè tó ìdá mẹ́rin rẹ̀.

Ọjọ́ tí lọ́yà fi ìwé ránṣẹ́ sí kóòtù, nọ́ńbà ẹjọ́ jáde lójú ẹsẹ̀. Láti ìṣẹ́jú yẹn, òfin dá gbogbo wọn dúró: ìpè fóònù, lẹ́tà, ẹjọ́, bíbu owó oṣù. Ìgbà tí ẹnì kan tún pè mí, nọ́ńbà ẹjọ́ yẹn nìkan ni mo kà fún un, ó dúpẹ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì fúngbà díẹ̀. Kò dá ohun gbogbo dúró ṣá o. Kò dá gbígba owó ìtọ́jú ọmọ dúró, onílé tó bá sì ti gba àṣẹ láti lé yín jáde ṣáájú kì í sábà dúró.

Ìpàdé pẹ̀lú trustee, tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, ni èyí tí wọ́n ń pè ní 341. Kò sí adájọ́ níbẹ̀. Orí Zoom ni tèmi ti wáyé ní oṣù kẹrin. Mo wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi. Trustee ní kí n fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, ó ní kí n bura, ó bi mí bóyá mo ka ìwé náà kí n tó fọwọ́ sí i, bóyá gbogbo ohun tí mo ní àti gbogbo ẹni tí mo jẹ lówó ló wà níbẹ̀, bóyá mo ń retí ogún kankan. (Ogún tó bá tọ́ sí yín láàárín ọjọ́ 180 lẹ́yìn tí ẹ fáìlì, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn.) Ó bèèrè nípa ilẹ̀. Ó bèèrè nípa owó ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ ọjọ́ tí mo san án. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Nínú àwọn tí mo jẹ lówó, ẹnì kankan ò yọjú.

Ẹ̀kọ́ kejì wà lẹ́yìn ìyẹn, lórí bí a ṣe ń tọ́jú owó. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, wọ́n á ti ẹjọ́ náà láìpa gbèsè yín rẹ́, ẹ ó sì tún sanwó kí wọ́n tó ṣí i padà. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ṣe ìpàdé 341.

Lẹ́yìn rẹ̀

Ìparí oṣù kẹfà ni ìwé discharge, ìyẹn àṣẹ kóòtù tó pa gbèsè mi rẹ́, dé. Ewé ìwé kan péré ni. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ẹ tọ́jú ìwé ìrìnnà yín sí, torí ó ṣeé ṣe kí ẹni kan ra gbèsè àtijọ́ lọ́jọ́ kan kó tún pè yín. Òfin kọ̀ ọ́ fún un.

Kò sí ẹni tó kéde mi. Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà wà ní gbangba fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wá, àmọ́ èmi ni mo sọ fún àwọn tó mọ̀. Chapter 7 máa wà lórí ìwé kírẹ́díìtì mi fún ọdún mẹ́wàá láti ọjọ́ tí mo fáìlì, mi ò sì lè gba irú ìdáǹdè yìí nínú Chapter 7 míì títí ọdún mẹ́jọ yóò fi pé. Agbanisíṣẹ́ yín kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lé yín torí pé ẹ fáìlì. Fọ́ọ̀mù N-400 tí a fi ń tọrọ ìwé ọmọ ìlú kò bèèrè rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé pẹ̀lú owó FHA (owó ilé tí àjọ ìjọba àpapọ̀ kan ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún) lè tún gbìyànjú lẹ́yìn ọdún méjì tó ti gba discharge, tó bá ti ń san owó rẹ̀ déédéé.

Ó ku àbúrò mi. Discharge bọ́ ọwọ́ mi kúrò nínú $6,300, kò bọ́ ọwọ́ tirẹ̀. Mo ti sọ fún un kí n tó fáìlì, mo lọ sílé rẹ̀, mi ò fi fóònù sọ ọ́. Tí ẹ bá ní onígbọ̀wọ́, ẹ lọ sọ fún un ṣáájú, kó má jẹ́ pé lẹ́tà ló máa gbọ́ ọ lẹ́nu. Òfin kò ní kí n má san, ohun tó wí ni pé ẹnikẹ́ni kò lè fipá mú mi. Mo ń san $350 lóṣù nínú $420 yẹn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2025 ni mo san èyí tó kẹ́yìn, mo ya fọ́tò rísíìtì rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i.